Ahun Omi Ni, Kì í Ṣe Ahun Oko

Bàbá Hàmídù,

Ẹ kú àbọ̀. Mo ti lọ sí Kambolé, ẹsẹ̀ ìyá mi tún wú. Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò.

Kí n tó ti ọjà dé lánàá, ẹ ti wá pààrọ̀ aṣọ, ẹ sì ti wọ kámíọ̀ akẹ́rù yín lọ. Àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ahun wa nínú páálí, òun àti èèpo iṣu, ara rẹ̀ gbẹ, ó dijú. Mo mọ̀ pé ẹ rò pé omi á pa á ni. Ahun omi ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, awọ so ọmọ ìka rẹ̀ pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ̀gbẹ́ ló sì ń ká ọrùn sí, kì í fà á wọlé tààrà. Mo ti dá a padà sínú bàsíìnì. Ó ti lajú.

Ẹja tútù ló ń jẹ, inú omi ló sì ti ń jẹ ẹ́. Ẹ má yọ bíríkì tó wà nínú bàsíìnì yẹn, orí rẹ̀ ló ti ń yá oòrùn. Tí ẹ bá gbé ahun náà, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ má sì fi bútà àlùwàlá kan omi rẹ̀.

Tí ẹ bá wọlé, ẹ sọ pé “Asàlámù àlékúmù.” Láti ìgbà tí ọmọ wa ti lọ sí Lomé, ahun yìí nìkan ni mo ń kí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yọrí, àmọ́ ó ń pẹ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè é. Ẹ má kàn gbé ẹrù kalẹ̀ kí ẹ tún jáde.

Èmi Ṣìkírà