Àbúrò Ni Wọ́n Ń Pè Yín Nídìí Tábìlì Yẹn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Pálọ̀ yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń kọ èyí, lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú yẹn. Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò o, torí mo sùn dáadáa. Ohun tó rẹ̀ mí ni pé mo gbọ́dọ̀ ronú kí n tó la ẹnu. Ní kíláàsì ní Agó-Ìwòyè, tí mo bá kọ Yorùbá sílẹ̀, olùkọ́ á yìn mí. Tí mo bá wá sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì, á rẹ́rìn-ín, á fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Inú rere ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rẹ ènìyàn tó, kí wọ́n máa ṣe é lálejò lójoojúmọ́ nílùú bàbá rẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún Màmá pé mò ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ wọn lókè òkun. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni. Mo ti di ẹrù, ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ó wá ku kí n dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ yín. Láti ìgbà tí mo ti dé ni Bàbá Mamu ti ń ránṣẹ́ pé kí n wá bá àwọn jẹun níbi tí ẹ ti máa ń jókòó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí Àlhájì bá ti kírun alásárì tán. Mo kàn ń sún un síwájú ni. Àná ni mo tó lọ.

Bí mo ṣe rò ó náà ni ilé ọtí Ìyá Ìbíadé rí ní Agó-Ìwòyè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ibẹ̀ débi pé orí kéréètì ni àwọn kan jókòó sí. Bíà inú ìgò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ tí ìyá yẹn ń fi àgbàdo pọn lẹ́yìnkùlé ni gbogbo wọn ń bá wá. Mo ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti títì, ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀. Àwọn mẹ́ta ti jókòó: Bàbá Mamu, tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn la gẹdú, Àlhájì télọ̀, tí kì í fẹnu kan ọtí, mọ́ọ̀tì ni tiwọn, àti Tíṣà, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Orí àga yín ni wọ́n fi mí sí. Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, ẹja odò Ìbíadé kún inú rẹ̀. Wọ́n gbé jọ́ọ̀gì ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ ńlá kan sáàárín, wọ́n sì gbé mọ́ọ̀tì Àlhájì tì í.

Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń dúró dè. Mo dijú. Nígbà tí mo lajú, èmi ni wọ́n ń wò. Mo wá rò pé ọlọ́tí ló máa wá bù ú, torí níbi tí mo dàgbà sí, ẹni tó ń ta á ló ń bù ú. Mo ká ọwọ́ mi, mò ń dúró. Ìfófòó orí ọtí ń wálẹ̀. Bàbá Mamu gbé kọ́ọ̀pù wọn, wọ́n wo inú rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan sọnù síbẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀.

"Àlhájì, òùngbẹ ò gbẹ ẹ́ ni?"

"Ó ń gbẹ mí o. Ta ni yóò ṣí mọ́ọ̀tì fún mi?"

"Ẹ má wojú mi," Tíṣà ní. "Èmi ti fẹ̀yìn tì."

Ìyá Ìbíadé ló pariwo láti ìdí iná, tí gbogbo ilé fi gbọ́. "Ọma Àbúrò! Ṣé o fẹ́ kí òùngbẹ pa àwọn arúgbó yìí sí mi lọ́rùn ni? Dìde, kí o bù ún! Ìwọ lo kéré jù níbẹ̀!"

Mo béèrè pé ta ni Àbúrò. Ẹ̀rín bẹ́.

"Bàbá ẹ ni," Tíṣà dáhùn. "Oṣù díẹ̀ ni mo fi jù ú lọ. Oṣù díẹ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan jọ́ọ̀gì láyé mi."

"Ní yunifásítì, tó bá wọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dìde," Àlhájì ní. "Tó bá dé ibí, òun ló ń dìde."

"Látìgbà tí a ti sin ín," Bàbá Mamu ní, "kálukú ló ń bu tiẹ̀. Ọtí ò dùn mọ́."

Ìyá Ìbíadé mú tówẹ̀lì búlúù kan wá, etí rẹ̀ ti já, wọ́n gbé e kọ́ mi léjìká. Wọ́n ní ohun tí ẹ fi ń nu ẹnu jọ́ọ̀gì nìyẹn, àwọn ò sì tíì fún ẹlòmíràn.

Mo dìde, mo gbé jọ́ọ̀gì. Tíṣà ló sún mọ́ mi jù, ni mo bá fẹ́ kọ́kọ́ bù fún wọn. Wọ́n fa kọ́ọ̀pù wọn sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. "Ṣé o fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ni? Bàbá Mamu, àgbà wa, lo máa kọ́kọ́ bù fún! Má da ìfófòó kún tèmi o! Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún!" Wọ́n bá mi wí, Bàbá mi. Wọ́n bá mi wí lọ́tùn-ún lósì, Gẹ̀ẹ́sì kankan ò sí níbẹ̀.

Ṣé ẹ rántí pé tí ẹ bá wá kí wa lókè òkun, ẹ kì í jókòó? Ẹ̀ẹ́ dúró ti jọ́ọ̀gì omi, ẹ̀ẹ́ bù fún Màmá, ẹ̀ẹ́ bù fún mi, oúnjẹ yín á ti tutù. Mo máa ń rò pé ara yín ò balẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni. Ṣé àwọn ènìyàn yìí ni ẹ ń rántí? Àbí ìgbà yẹn gan-an lara yín ń balẹ̀?

Ìsàlẹ̀ jọ́ọ̀gì, èyí tó ki bí ògì, wọ́n ní tèmi nìyẹn, tiyín ni tẹ́lẹ̀. Mo mu ún. Ó kan. Ṣé ó dùn mọ́ yín lẹ́nu rí?

Mo ti kọ́ bí màá ṣe dágbére sórí láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí Bàbá Mamu fẹ́ dìde, èjìká mi ni wọ́n dì mú. "O pẹ́ lónìí," wọ́n ní. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n bá ẹ níbí." Ó dàárọ̀, sà, ni gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu mi.

Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé tówẹ̀lì yẹn ṣì wà léjìká mi. Mo fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí, mo sá a sórí okùn yín lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ni mo pe Màmá pé kí wọ́n sún tíkẹ́ẹ̀tì síwájú. Wọ́n ní títí dìgbà wo. Wọ́n ní ṣé ara mi yá. Mo ní ó rẹ̀ mí, òótọ́ sì ni. Lọ́jọ́ Ajé, oníbúrẹ́dì á tún fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tówẹ̀lì yẹn gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mi ò sì rí ẹni tí mo lè fi rán.

Ẹ sùn re, Bàbá mi. Ẹ jókòó báyìí, ẹ sinmi ẹsẹ̀ yín.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tó kéré jù nídìí tábìlì yín.