Wọn Ò Ti Ọ̀nà Wa Mọ́

Janelle ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òtútù Ṣikágò kò pọ̀ jù fún ọ? Olúwa á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Àwa náà wà. Ọkàn bàbá rẹ ń lù bó ṣe yẹ kó máa lù, àwọn màlúù ń jẹun, èmi náà ò sì jókòó.

O ní ká ta ilé ká wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ, nítorí bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ti ọ̀nà wa, kò sẹ́ni tó máa bá wa kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà nígbà òtútù, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ò sì ní lè dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ. Mo sunkún nígbà tí mo ka lẹ́tà yẹn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Inú ilé yìí ni mo bí ọ sí. Nítorí náà, jókòó dáadáa kí o gbọ́.

Ta ló sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kì í gba ọ̀nà wa? Obìnrin kan tó ń gbé inú fóònù, tó ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀ ni. Orville aládùúgbò wa gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, bí a ṣe dé ẹnu géètì wa báyìí, obìnrin náà ní ká yí padà, pé kò sí ọ̀nà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo ń wo ilé mi lọ́ọ̀ọ́kán. Inú bí mi. Mo dé fìlà tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gba kóòtù tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wà lọ, mo sọ fún Marlys, akọ̀wé tó ń jókòó sí ojú fèrèsé, pé mo wá fẹjọ́ òṣìṣẹ́ wọn kan sùn. Mo ní obìnrin yìí ò dé abúlé wa rí, ó kàn jókòó síbì kan tó ń pàṣẹ fún àgbàlagbà, ta ló tiẹ̀ gbà á síṣẹ́? Marlys rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé lọ́jọ́ Ajé làwọn káńsẹ́lọ̀ máa dìbò lórí ọ̀nà wa, kí n wá sọ ọ́ lójú wọn.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kò dá. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, odò ti gorí afárá, ó ti bo ọ̀nà ọ̀dà tí gbogbo èèyàn ń gbà lọ sí kóòtù mọ́lẹ̀ pátápátá. O mọ̀ pé orí òkè ni ọ̀nà tiwa gbà, odò kì í débẹ̀. Bí èmi àti bàbá rẹ ṣe ní ká jáde, kí la rí lẹ́nu géètì bí kò ṣe ọkọ̀ àwọn káńsẹ́lọ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, Merle Stranik ló sì ṣíwájú, Merle tó ní kí wọ́n ti ọ̀nà yìí gan-an. Obìnrin inú fóònù rẹ̀ ń pariwo pé kó yí padà. Mo ki orí bọ fèrèsé ọkọ̀, mo ní jọ̀ọ́ ọmọ yìí, dákẹ́, àgbà ń wakọ̀. Mo wá bi Merle pé níbo ló ń lọ, ó ní kóòtù ni. Mo ní ọ̀nà wo ló ń gbà? Ó kàn na ife sí fúláàsì ọwọ́ mi. Mo bu kọfí fún un, nítorí òtútù ń mú un.

Yàrá òkè ní kóòtù la jókòó sí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀, Marlys ní ibi gbogbo làwọn èèyàn ti lè máa wò wá, ni mo bá juwọ́ sí ọ, mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun. O ò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n mi ò bínú, mo mọ̀ pé o wà níbi iṣẹ́. Alága ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ti ọ̀nà wa nawọ́ sókè. Ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà wa ṣì wà lára bàtà gbogbo wọn. Kò sọ́wọ́ tó lọ sókè. Alága bi Merle pé ṣebí òun ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Merle wo bàtà rẹ̀, ó ní bí àwọn bá tì í, báwo lòun ṣe máa délé lónìí? Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí nìyẹn. Wọ́n tún ní àwọn máa da òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí òtútù tó dé. A ṣẹ́gun, ọmọ mi. Bàbá rẹ tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ dìde, ó ní ẹ ṣé, ó tún jókòó. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi délé, òun ló sì ń wakọ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, torí àwọn tó máa da òkúta á mu kọfí, wọ́n á sì jẹ páì tí mo fi èso ápù ṣe. Má fi í sí báńkì o. Èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo ní kí ọmọbìnrin ibẹ̀ jẹ́ kí n rí i, nọ́ńbà ló fi hàn mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà sílé.

Ọkùnrin kan tó gbọ́ pé a fẹ́ ta ilé wá lánàá. Bàbá rẹ sìn ín dé géètì, ó ní ilé kò sí fún títà mọ́, kó rọra máa wakọ̀ lọ, ọ̀nà náà dáa.

Yàrá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Ọ̀nà ò ní dí mọ́ ọ láé. Ibi tí wọ́n bá ti ní kò sáàyè fún ọ, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n á fi ṣílẹ̀kùn fún ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Ardith Kolar