Ẹ Gbé Ọmọ Kúrò Nídìí Gíláàsì Alápatà

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìkókó mi ńkọ́? Ewu kò ní wu yín lọ́hùn-ún o. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Adìẹ funfun yẹn ti pamọ, òrùlé ẹ̀yìnkùlé sì tún ti ń jò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun mi. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, mi ò ní parọ́ fún ọ. Bàbá rẹ ní kí n má pariwo, òun náà kò sì jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán lánàá.

Tíṣà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló fi fọ́tò ilé tuntun yín hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Mo kọ́kọ́ yọ̀. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa ni àyà mi já. Ìsọ̀ alápatà ni ẹ kó sí! Pátákó ṣì wà lókè ilẹ̀kùn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẸRAN TÚTÙ WÀ, abẹ́ rẹ̀ gan-an, lẹ́yìn gíláàsì, ni ẹ wá tẹ́ ọmọ-ọmọ mi sí, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń kọjá. Ta ni yóò rí i tí kò ní béèrè pé èló ni?

Mo ní kí tíṣà pè ọ́ kí ẹ yọ pátákó náà kíá. Ó ní o ti ṣàlàyé fún òun pé ìjọba ìbílẹ̀ ló sọ pé ìsọ̀ tó bá ti ṣófo pẹ́ lójú títì lè di ilé gbígbé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iwájú rẹ̀, kí ẹwà títì má bàa bàjẹ́. Ṣé títì ló bí ọmọ fún wa ni? Ó tún ní wọ́n rán ọkùnrin kan wá wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ yàrá, pé bí kò bá tó, wọn kò ní gbà kí ẹ gbé ibẹ̀. Mo bi í bóyá okùn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n àbí igbá, ló bá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, ẹni tó bá wọn oòrùn fún ọ lónìí, ó ń bọ̀ wá gbowó rẹ̀ lọ́la. Ẹ rọra máa lò ó.

Baba onírùngbọ̀n kan tún wà nínú fọ́tò náà, ó na nǹkan sí ọmọ. Tíṣà ní òjìji ọkọ rẹ tó ń ya fọ́tò ló hàn lára gíláàsì. Mi ò gbà. Ọkọ rẹ kò ní irùngbọ̀n nígbà tó wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ wa.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ẹnu ilẹ̀kùn ilé, èèyàn á ké àgò kó tó wọlé. Ti ìsọ̀, ṣe ni wọ́n ń taari rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́. Ìjọba lè sọ pé ìsọ̀ ti di ilé, ta ló sọ fún ilẹ̀kùn?

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí o fi owó aṣọ tó nípọn tí a óò fi ta ojú gíláàsì náà lé e. Tí mo bá dé, mi ò ní taari ilẹ̀kùn. Màá dúró níta lójú gbogbo ayé, màá ké àgò títí ọ̀fun mi á fi gbẹ. Kí o dá mi lóhùn láti inú lọ́hùn-ún, kí o pariwo rẹ̀ pé àgò yà, kí ilẹ̀kùn gbọ́, kí pátákó náà gbọ́.

Olúwa yóò jẹ́ kí ilé náà tù yín lára. Ẹnikẹ́ni kò ní fojú ọjà wò yín. Ẹ gbé ọmọ kúrò níbẹ̀ kí n tó dé.

Èmi ni ìyá rẹ,
tó ti káṣọ sínú àpò.