Oògùn Tí Kò Wúwo

Eyínfúnjowó ọmọ mi,

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tìrẹ náà wà níbẹ̀. Ó yá, ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Olúwa á máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé yín. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, ìwé méjì tí mo kà kò tíì kúrò lórí mi.

Mo rí àwòrán sátẹ́láìtì yín lórí fóònù. Àṣé kò ju àpótí bàtà lọ! Mo fi han télọ̀ tó wà nínú ilé wa, mo ní ọmọ mi ló wà nídìí ẹ̀, pé wọ́n ń fi í gbé oògùn lọ sókè níbi tí nǹkan kan kì í ti í wúwo, kí hóró ẹ̀ lè dì bí hóró iyọ̀, dáadáa ju ti ilẹ̀ lọ, kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ní ta ló wá ń pò ó pọ̀ lọ́hùn-ún? Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, ọmọ mi ò lè gbé nǹkan kaná kó má fi ẹnì kan tì í. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ta ló ń pò ó pọ̀?

Oògùn yín yẹn ni mo fẹ́ máa lò. Èyí tí dókítà fún mi nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, bí òkúta ló ń jókòó sí mi níkùn. Mo bá kó o sínú agolo, mo dé e, mo ń dúró de tiyín. Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe wá wọn ẹ̀jẹ̀ mi lánàá tí ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní ìyá, ẹ fẹ́ kú ni? Ó ní mo lè ṣubú lulẹ̀ kí apá kan má gbéra mọ́, pé oògùn tiyín kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru rárá, wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Mo ní ṣé òun ló bí ọ ni, tó fi mọ oògùn rẹ? Ìgbà tí ìwọ náà wá pè, tí o sọ ohun kan náà, pé kí n padà sídìí oògùn dókítà, ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Má sọ fún télọ̀.

Fi owó káàdì ránṣẹ́, àti ti awò ojú, apá kan ti ṣẹ́ lára èyí tí mo ń lò. Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n nídìí iṣẹ́. Gbogbo ohun tí o bá jù sókè, ibi tí o fẹ́ ni yóò sọ̀ sí.

Nígbà tí o wà ní kékeré tí ibà bá dé, ṣe lo máa ń di eyín pinpin. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mu nínú oògùn kíkorò yẹn, kí o tó la ẹnu. Gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́rùn rẹ. Wá sílé ní Sátidé, wá kọ́kọ́ lá tèmi tó wà nínú agolo yẹn lójú mi, kí n tó gbé e mì. O jẹ mí ní gbèsè. Wá san án.