Kámẹ́rà Tí Mo Fẹ́ Fi Ya Ilé Wa Kí Òkun Tó Gbé E

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìfaradà omi. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Délé àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará Ayétòrò tó bá gbọ́ lẹ́tà yìí. Ara wa le ní Kánò níbí. Ọkọ mi ń lọ síbi iṣẹ́, èmi ń ránṣọ, eruku ọyẹ́ sì ti la ètè ọmọọmọ yín Ìfẹ́olú. Mi ò rí ẹni bá sọ èdè ìlú wa. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo máa ń bá sọ ọ́.

Ìyá, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà náà ni o. Látìgbà tí ẹ ti sọ lórí fóònù pé omi ti gbé ilé ìdáná lọ, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ìfẹ́olú ò tíì débẹ̀ rí. Ó bi mí bóyá òkun tóbi ju táńkì omi àdúgbò wa lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi dé. Mo fẹ́ kó rí ilé náà kedere, kó rí ibi tí Bàbá ti ń fi ọ̀bẹ sàmì gíga mi sára ògiri pákó yàrá yín.

Ẹ rántí èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Inú ọkọ̀ ojú omi ni Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ya ilé, igbì sì ń mì wọ́n, ilé wa kàn ń fò sókè sódò nínú fídíò ni. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n bu omi òjò, wọ́n ṣan kámẹ́rà náà dáadáa bí wọ́n ṣe ń ṣan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kí iyọ̀ má baà jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà náà kú sí. Mo pariwo lórí fóònù. Wọ́n ní kí ló dé, ṣebí àwọn tún sá a sóòrùn. Mi ò lè bínú. Èmi ni mi ò kìlọ̀ fún wọn.

Mo tún lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá tó ń tà á bi mí pé ibo la ti fẹ́ lò ó. Mo ní nínú ọkọ̀, létí òkun, àti nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyàwó, owó kámẹ́rà kan lẹ mú wá fún mẹ́ta. Kékeré tí kì í bẹ̀rù omi, tí igbì ò sì lè mi àwòrán rẹ̀, kò ríran nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Èyí tó ríran níbẹ̀, ẹ̀kán omi iyọ̀ kan ti tó láti bà á jẹ́. Èyí tó ń ṣe méjèèjì, ọwọ́ mi ò tó o. Mo pọn ọmọ mi, mo padà sílé lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn náà lẹ pè pé omi ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ń ṣa kámẹ́rà, òkun ò ṣà ní tirẹ̀.

Mo ti ra èyí tó ń ríran nínú yàrá. Awakọ̀ kan yóò gbé e dé Ìgbókòdá, kí Ẹ̀gbọ́n mi fi ọkọ̀ ojú omi lọ gbà á. Ẹ bá mi bẹ Ẹ̀gbọ́n mi: kí wọ́n má tú ọ̀rá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀, kí wọ́n má ṣan án. Kí wọ́n fi òkun sílẹ̀, kí ẹ jókòó sábẹ́ àmì Bàbá nínú yàrá, kí wọ́n yà yín níbẹ̀.

Tó bá dé tí ògiri náà ò sí mọ́, Ìyá, ẹ dìde dúró níbikíbi tí ẹ bá wà, kí ẹ fi ọwọ́ yín wọ̀n bí mo ṣe ga tó nígbà náà níwájú kámẹ́rà, kí Ìfẹ́olú lè rí i.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí omi bá yín lójú oorun. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, títí kan àwọn tó ti kó lọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Bísọ́lá