Màlúù Méjì fún Luyando

Luyando,

Mo ti lọ bá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Owó màlúù méjì tí Bàbá tà kò tó san owó ilé ẹ̀kọ́ amòfin ní Lusaka, nítorí náà mo fẹ́ fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi dógò fún ìyókù. Owó yàrá àti oúnjẹ ni o, kì í ṣe owó aṣọ.

Nígbà tí èmi fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Bàbá ní, “Ta ló ń ta màlúù torí ìwé?” Láàárọ̀ yìí, ó ń nu bàtà rẹ, ó ń pè ọ́ ní “lọ́yà mi.” Ṣe ni mo jáde láì kí i.

Má wulẹ̀ dúpẹ́, mo ṣì ń jowú rẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ọ́ lọ́hùn-ún pé ta ló rán ọ níwèé, dárúkọ mi kó o tó dárúkọ Bàbá.

Mutinta, ẹ̀gbọ́n rẹ