Òdòdó Márùn-ún Tí Mo Gbé Lọ sí Ruse

Radostina ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Sofia lọ́hùn-ún? Ṣé ò ń jẹun dáadáa, ṣé yàrá rẹ sì ń móoru? Ọlọ́run tó mú mi lọ nínú yìnyín, tó sì mú mi bọ̀ láìṣubú, kó máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Tsonka aládùúgbò wa ní kí n kí ọ, ó ní òun rí ojú rẹ nínú fóònù, pé o ti rù.

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá, nítorí lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ gbé eré yín wá sí ìlú Ruse, n kò rí àyè sọ ọ́, torí ọkọ̀ ti fẹ́ lọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù, nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, mo rí igun mẹ́rin kan tó kún fún àmì dúdú bíi àpẹẹrẹ ibọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ máa ń hun. Ẹ̀rù bà mí pé fóònù lè kú lójú ọ̀nà, ni mo bá jókòó, mo fi pẹ́ńsù ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó gbà mí ní odindi ọjọ́ méjì, n kò fo ẹyọ kan. Mo dé ẹnu ọ̀nà tíátà, ọmọbìnrin kan tan iná pupa sí i, ó ní ẹ̀rọ òun kò dún. Mo ní kó tún un wò, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó, ó ní kí n máa wọlé, ṣùgbọ́n kí n jọ̀ọ́ fi ìwé náà sílẹ̀ fún òun. Mo fún un. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Wọ́n ní kí n bọ́ kóòtù sílẹ̀, wọ́n fún mi ní irin kékeré kan tó ní nọ́ńbà. N kò fẹ́, torí igo ọtí ràkíà tí mo gbé bọ̀ fún ọ wà nínú àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin àgbà tó ń gba kóòtù ní kò sẹ́ni tó ń wọ kóòtù jókòó níbẹ̀ àfi ẹni tó fẹ́ sá lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi níbi tó ń dùn mí.

Rada, ọdún mẹ́fà rèé tí o fi ẹ̀kọ́ apòògùn sílẹ̀, tí mo ní n kò lọ́mọ tó ń ṣeré fún àjèjì wò. Ìyá rẹ bẹ̀ mí títí tó fi kú, ó ní, Stamen, lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò lọ. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo wá lọ́jọ́ yẹn ni kí n rí nǹkan kan tí màá fi lè bẹ̀ ọ́ láìparọ́.

Kí n sòótọ́, n kò kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ni mo rí lórí ìtàgé tó ń jágbe mọ́ ọ. Mo dìde, mo ní kó rọra o, ẹni ẹ̀yìn mi bá fà mí lẹ́wù jókòó. Nígbà tó yá, iná tàn, wọ́n pàtẹ́wọ́, gbogbo èèyàn dìde. Mo ní ó ti tán nìyẹn. Mo fi ìbànújẹ́ lọ gba kóòtù mi. Obìnrin yẹn wo òdòdó márùn-ún tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní ta ni mo mú un wá fún. Mo ní ọmọ mi ni, ẹni tó ń ṣe ìyá arúgbó yẹn nínú eré. Ó ní, bàbá, ìdajì lẹ wò o! Ẹ padà síbẹ̀ kíá, n kò fún yín ní kóòtù kankan. Kí Ọlọ́run bá mi bù kún un.

Torí pé apá kejì ni o ti gbé búrẹ́dì lé àyà, tí o fẹ́ atẹ́gùn sí ìka, tí o sì gé e bọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ. Orí mi wú. Ìyá rẹ ni! O gé ìdí búrẹ́dì, ibi tó le yẹn, o gbé e sí etí tábìlì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè, o sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Ọdún méjìlélógójì ni Zdravka ìyá rẹ fi gbé ìdí búrẹ́dì síbẹ̀ fún mi, n kò rántí pé mo dúpẹ́ rí. Mo sunkún débi pé ẹni tó fà mí lẹ́wù fún mi ní áńkáṣíìfù rẹ̀.

Lẹ́yìn eré, o bi mí pé ṣebí márùn-ún lo rí lọ́wọ́ mi láti orí ìtàgé, kí ló dé tó di mẹ́ta. Mo ní wọ́n tẹ méjì mọ́lẹ̀. Irọ́ ni, wọ́n wà lábẹ́ kóòtù mi. Ṣebí bí àṣà wa, iye òdòdó tí kò ṣé é pín sí méjì dọ́gba ni ti alààyè, mo fún ọ ní mẹ́ta. Láàárọ̀ Àìkú, mo gbá yìnyín kúrò lórí sàréè ìyá rẹ, mo fi méjì tó kù síbẹ̀, iye tó pín dọ́gba, bó ṣe yẹ òkú. Mo ní, Zdravka, mo ti lọ wò ó. Mo ní, ìwọ náà wà níbẹ̀.

Dárí jì mí, ọmọ mi. Bó bá sì wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó ọkọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ tún wá wo eré yẹn bí yìnyín bá yọ́, Tsonka náà ní òun á bá mi wá. Tètè fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ o, torí ti èèyàn méjì á gbà mí tó ọjọ́ mẹ́rin láti yà. Onírùngbọ̀n yẹn, fún un ní ràkíà díẹ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ.

Ọwọ́ tí o fi gé búrẹ́dì yẹn kò ní rọ láéláé. Èèyàn rere ni yóò máa pàdé rẹ níbi gbogbo tí o bá dé. Wá sílé lásìkò Àjíǹde. Èmi ni màá gé búrẹ́dì, màá sì gbé ìdí rẹ̀ sí etí tábìlì fún ọ.

Bàbá rẹ,
Stamen